Bíríkì Tí A Dá Padà

Lóṣù yìí a kò ní sọ̀rọ̀ ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn. Inú ìlú tí gbogbo wa ń gbé la ti rìn, kò tiẹ̀ ju máìlì bíi 15 lọ sí ẹnu ọ̀nà wa. Ṣùgbọ́n ó gbà wá ní ọdún 26 kí á tó débẹ̀.

Ìjì Beryl tó jà ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 2024 ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ rántí pé iná lọ ní ilé àti ilé iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù 2 lágbègbè wa. Nílé tiwa ní Alief, ọjọ́ márùn-ún la fi ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, tí àwọn ọmọ ń bi wá pé ṣé báyìí ni Nàìjíríà ṣe máa ń rí. A ní, "Ẹ dúró ná, ẹ ò tíì rí nǹkan kan." Iná padà dé o, ṣùgbọ́n iwájú ilé wa kò padà sípò. Igi ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọkọ̀ ń gbà wọlé wó lulẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì gbé búlọ́ọ̀kù ilẹ̀ dìde bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìdérí ìkòkò. Búlọ́ọ̀kù yìí ni wọ́n ń pè ní íńtálọ́ọ̀kì nílé, àwọn kékeré tí wọ́n máa ń tò wọnú ara wọn. A kà wọ́n, nítorí ìṣirò ni iṣẹ́ wa: 146 ló hú, 23 nínú wọn ló fọ́.

Kò pẹ́ tí lẹ́tà fi dé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa. Wọ́n fún wa ní ọjọ́ 30 láti tún un ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó ìtanràn ń bọ̀. A pe kọngilá kan. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí á kó gbogbo rẹ̀ dànù, kí òun da kọnkéré sí i. Iye tó pè, a ò lè sọ ọ́ tán kí á má mí kanlẹ̀. Àbíkẹ́yìn wa ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kó kó o dànù. Búlọ́ọ̀kù lásán ni."

Bàbá kan ń gbé ní òdìkejì ilé wa, ará Mexico, tó ti fi ọdún tó lé ní 30 tẹ́ òkúta fún àwọn onílé ní Texas kó tó fẹ̀yìn tì. Ó sọdá wá, ó kúnlẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ibi tó hú, ó sì mirí. Ó ní, "Kì í ṣe igi nìkan ló ṣe yín. Ẹni tó tẹ́ ẹ kò tẹ́ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀." Òtítọ́ ni. Kọngilá tí a sanwó fún lọ́dún 2015 da yanrìn tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ sórí amọ̀ lásán, ó to búlọ́ọ̀kù lé e, ó gbowó, ó lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti nílé níbí, ẹ mọ ilẹ̀ Houston. Amọ̀ dúdú ló pọ̀ níbẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, á wú bíi gààrí tó rí omi. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, á sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀. Ohunkóhun tí a bá tẹ́ sórí rẹ̀ láìsí òkúta wẹ́wẹ́ tí a gún mọ́lẹ̀ dáadáa lábẹ́, ijó ni yóò máa jó.

Bàbá náà ní kí á má ju ẹyọ kan nù. Ó ní kí àwọn ọmọ mú ṣọ́ọ̀kì, kí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ìkọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbé e kúrò, kí ìlà kìíní má dàpọ̀ mọ́ ìkejì. Àbíkẹ́yìn wa tún ní, "Kí ló dé? Ṣebí bákan náà ni gbogbo wọn." Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lójú rẹ ni. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti fi ń fara ti ara wọn. Ìkọ̀ọ̀kan mọ ẹnìkejì rẹ̀."

Ibi tí a ti ń kọ nọ́ńbà yìí ni àkọ́bí wa obìnrin, tó wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní háísíkúùlù, ti sọ ọ̀rọ̀ kan tó mú ká dáwọ́ dúró. "Dádì, Mọ́mì, ṣé ẹ mọ̀ pé àdúgbò kan wà ní Houston níbí tí wọ́n ń jà nítorí bíríkì ojú títì? Wọ́n ní àṣà Yorùbá ni wọ́n fi tò ó." A wo ara wa. Ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ti fi ọdún mẹ́fà ṣiṣẹ́ ní Downtown, níbi tí èèyàn ti lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. A ò gbọ́ ọ rí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a kó sínú ọkọ̀, a gba Southwest Freeway. Fourth Ward ni àdúgbò náà wà, ní ìwọ̀ oòrùn Downtown, tí àwọn ilé gogoro ń wò ó látòkè. Freedmen's Town lorúkọ rẹ̀, ìyẹn ìlú àwọn tó gba òmìnira. A gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, a sì bẹ̀rẹ̀ sí fẹsẹ̀ rìn lójú ọ̀nà Andrews.

Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn ibẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 1865, ọ̀gágun Gordon Granger gbé àṣẹ jáde ní Galveston pé gbogbo ẹrú tó wà ní Texas ti gba òmìnira. Ìrántí ọjọ́ yẹn ni Juneteenth. Texas sọ ọ́ di ọjọ́ ìsinmi láti ọdún 1980, gbogbo Amẹ́ríkà sì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2021. Nígbà tí àwọn èèyàn náà gbọ́ ìròyìn, ọ̀pọ̀ nínú wọn fi oko òwú àti oko ìrèké tó wà lẹ́bàá odò Brazos sílẹ̀, wọ́n forí lé Houston. Ilẹ̀ àbàtà tí àwọn ẹlòmíràn kò fẹ́, lẹ́bàá Buffalo Bayou, ni wọ́n tẹ̀dó sí. Wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dá ilé ìwé sílẹ̀.

Ọdún 1866 ni wọ́n dá ìjọ Onítẹ̀bọmi Antioch sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn pásítọ̀ rẹ̀ ìgbà ìjímìjí ni Jack Yates. Bàbá yìí ti gba òmìnira ní Virginia, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ṣì jẹ́ ẹrú lọ sí Texas, ó tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ilé sílẹ̀ nítorí ọkọ tàbí aya, ẹ mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Lọ́dún 1872, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kówó jọ, wọ́n ra éékà ilẹ̀ mẹ́wàá ní Third Ward kí àwọn èèyàn wọn lè ríbi ṣe àjọ̀dún òmìnira. Emancipation Park nìyẹn, ibi tí àwọn kan nínú yín ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ rẹ̀, Rutherford Yates, tó jẹ́ òǹtẹ̀wé, kọ́ ilé kan sí ojú ọ̀nà Andrews lọ́dún 1912. Ilé náà ṣì dúró, ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ẹ wá gbọ́ ti bíríkì. Ìtàn tí àwọn ará àdúgbò náà ń sọ láti ẹnu dé ẹnu ni pé ìlú ń tẹ́ títì fún àwọn ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n inú ẹrẹ̀ ló fi tiwọn sí. Wọ́n bẹ̀ títí, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n dáwó, dọ́là kan fún bíríkì kan, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn tò ó. Ẹ̀yin ọmọdé, dọ́là kan ìgbà náà kì í ṣe ti ìsinsìnyí tí ẹ fi ń ra súìtì. Àwọn alágbàfọ̀, àwọn agbọ́únjẹ àti àwọn káfíńtà ni wọ́n dáwó náà.

Bíríkì pupa ni. Ibì kan rì, ibì kan ga sókè. Níbi tí wọ́n ti gbẹ́lẹ̀ nítorí ẹ̀rọ omi tàbí gáàsì, wọ́n kàn da ọ̀dà dúdú sí i, ó rí bí ìgbà tí wọ́n fi ankárá lẹ aṣọ òkè. Ilé alájà mẹ́ta tuntun ló pọ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Lọ́dún 1985 tí wọ́n kọ orúkọ àdúgbò náà sínú ìwé àwọn ibi ìtàn Amẹ́ríkà, ilé àtijọ́ tó wà níbẹ̀ lé ní 500. Púpọ̀ nínú wọn ló ti wó. Ṣáájú ìgbà náà pàápàá, wọ́n ti la ọ̀nà márosẹ̀ I-45 gba àárín àdúgbò náà kọjá, débi pé ṣọ́ọ̀ṣì Antioch wà ní apá ibì kan, àwọn ilé wà ní apá kejì. Ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn, Bethel, jóná lọ́dún 2005. Ògiri rẹ̀ ṣì dúró láìní òrùlé, ìlú ti sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́. Àwọn ọmọ wa jókòó nínú rẹ̀ fúngbà pípẹ́, wọ́n ń wo ojú ọ̀run níbi tó yẹ kí àjà wà.

Ní oríta kan ni àbíkẹ́yìn wa ti béèrè ìbéèrè tí a ti ń retí. "Ṣé àwa la ṣe é? Ṣé àwọn Yorùbá ló tò ó lóòótọ́?"

Àwọn tó ń tọ́jú ìtàn àdúgbò náà sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe to bíríkì ní àwọn oríta tan mọ́ àṣà Yorùbá. Àwa tí a gbọ́ èyí, orí wa wú. Ṣùgbọ́n akántáǹtì ni wá. Ohun tí kò bá ní rìsíìtì, a kì í sáré kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ jẹ́ ká gbé ohun tí a mọ̀ kalẹ̀, kí olúkúlùkù yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé iṣẹ́ títẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Ifẹ̀ la ti kàwé, a jáde ní OAU lọ́dún 1992. Ilẹ̀ àpáàdì wà ní Ilé-Ifẹ̀. Àpáàdì ìkòkò ni wọ́n dá lóró, etí wọn sókè, wọ́n tò wọ́n bí egungun ẹja, ibòmíràn sì wà tí wọ́n fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ sáàárín. Nígbà tí wọ́n walẹ̀ ní Ìta Yemòó láti ọdún 1957, yàtọ̀ sí ère idẹ tí gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀, wọ́n rí ilẹ̀ àpáàdì níbẹ̀ pẹ̀lú. Iṣẹ́ ọ̀hún ti lé ní 500 ọdún. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba níbẹ̀, ló pàṣẹ kí wọ́n tẹ́ ojú ọ̀nà kí ẹrẹ̀ má baà ba òun lẹ́sẹ̀ jẹ́. Nígbà tí a wà ní OAU, ojú ìwé ìdánwò là ń wò. A kò ya ọ̀nà lọ wo àpáàdì yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Èkejì, Yorùbá lè ti dé etí odò Brazos. Ní àwọn ọdún 1830, àwọn oníṣòwò ẹrú kan ń kó àwọn ọmọ Áfíríkà láti Cuba wọ Texas lọ́nà tí kò bófin mu, wọ́n sì ń tà wọ́n fún àwọn olóko ẹ̀bá odò náà. Ní ìgbà yẹn gan-an ni ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ń dàrú, tí wọ́n ń kó ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ sí Cuba, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Lucumí. Ta ló wá lè búra pé kò sí ìkankan nínú wọn tó bá ọkọ̀ yẹn dé?

Ẹ̀kẹta, ká sọ òótọ́: ọ̀nà egungun ẹja kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ilẹ̀ àpáàdì wà dé Tógò, àwọn ará Róòmù àtijọ́ náà sì máa ń to bíríkì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yà tó kóra jọ sí Texas pọ̀, tí wọ́n bí ọmọ síra wọn fún ìran mélòó kan kí òmìnira tó dé.

Èsì tí a fún ọmọ wa ni pé, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. A kò rí ìwé tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó tọ́jú rẹ̀ fún wa gbà bẹ́ẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún wọn." Kò dà bíi pé èsì náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. A padà sílé.

Nílé ni a ti mọ̀ pé kò tẹ́ ẹ lọ́rùn lóòótọ́. Bí a ṣe ń gbálẹ̀ inú ọkọ̀, a rí ààbọ̀ bíríkì pupa kan lábẹ́ ìjókòó rẹ̀. A pè é. Ó ní ó ti yọ fúnra rẹ̀, òun kò fi nǹkan kan hú u. Ó ní òun fẹ́ kí á tò ó mọ́ tiwa níwájú ilé, kí tiwa náà lè jẹ́ ti Yorùbá. A kò mọ̀ bóyá ká bínú tàbí ká dì mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ ló sọ̀rọ̀: "Ọmọ mi, ìwọ tí o ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí tiwa kí ìkankan má baà sọnù. Ta ló kọ nọ́ńbà sí tiwọn?"

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, a tún gbéra, pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Màmá àgbàlagbà kan jókòó níta lẹ́bàá ibẹ̀, ó ń wo bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ó béèrè ohun tí a ń wá. A ní kí ọmọ fúnra rẹ̀ ròyìn. Kó tó sọ̀rọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí bíríkì, bí a ṣe kọ́ ọ. Ẹ̀rù ba màmá, ó rò pé ó ṣubú ni. A ṣàlàyé fún un pé báyìí ni ọmọkùnrin ṣe ń kí àgbà nílẹ̀ wa, pé Yorùbá ni wá.

Màmá wo aṣọ òkè wa, ó wò wá lójú. Ó ní, "Ẹ̀yin gan-an ni Yorùbá tí wọ́n ń sọ? Ọdún mélòó lẹ ti wà ní Houston?" A ní 26. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé."

Ẹ̀yin ará, kò bínú o. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lára wa. Láàárín ọdún 26 yẹn, a ti bá ẹgbẹ́ wa ṣe àpèjẹ tó pọ̀, a ti kọ́ àwọn ọmọ wa kí wọ́n má fi àkókò ṣòfò pẹ̀lú ẹni tí a kò mọ̀. Ká má tan ara wa jẹ, nígbà mìíràn ẹni tí a ní lọ́kàn ni àwọn ọmọ adúláwọ̀ tí wọ́n bí síbí. A máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé agbára wa nìkan ló gbé wa dé ibi tí a wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé ìṣirò náà. Òfin ọdún 1965 tó ṣílẹ̀kùn Amẹ́ríkà fún irú wa, àkókò tí àwọn adúláwọ̀ ibí ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn ni ó jáde, ìjà wọn sì wà lára ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ wa ló kàwé ní Texas Southern University. Báwo ni yunifásítì yẹn ṣe wáyé? Heman Sweatt, ará Houston tó ń pín lẹ́tà, fẹ́ kàwé òfin ní University of Texas lọ́dún 1946. Wọ́n ní kò lè wọlé nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Lọ́dún 1947, Texas sáré dá yunifásítì kan sílẹ̀ ní Houston fún àwọn adúláwọ̀ kí ó má baà gbà á sí èkejì. Sweatt kò gbà, ó bá ẹjọ́ náà lọ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ó sì borí lọ́dún 1950. Yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ láti fi dí i lọ́nà ni TSU òní. Ẹ rí i pé ojú ọ̀nà tí àwọn ẹlòmíràn tẹ́ la gbà wọ ìlú yìí, ì báà jẹ́ Yorùbá ni wọ́n, ì báà má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbèsè ni. Kò dìgbà tí bíríkì bá jẹ́ ti Yorùbá kí ó tó kàn wá.

Màmá náà ló tún sọ fún wa nípa ọdún 2016. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, àwọn òṣìṣẹ́ tí ìlú gbà síṣẹ́ hú bíríkì ní oríta Andrews àti Genesee, níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti fọwọ́ kàn án. Ariwo ta. Olóògbé Sylvester Turner, tó jẹ́ méyọ̀ nígbà náà, ṣèlérí pé wọn óò dá bíríkì náà padà. Lọ́dún 2021 ìlú fi àdúgbò náà ṣe àkọ́kọ́ nínú àwọn ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nítorí ogún ìtàn. "Ṣùgbọ́n bíríkì tí wọ́n bá ti kó jọ bí òkìtì," ni màmá wí, "ta ni yóò mọ àyè ìkọ̀ọ̀kan mọ́?" Ọmọ wa mọ àyè tirẹ̀ ní tiẹ̀. Ó rántí pé ibẹ̀ súnmọ́ ibi tí ọ̀dà dúdú ti parí. Ó rí ihò náà, ó ti ààbọ̀ bíríkì bọ̀ ọ́, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó wọlé ṣinṣin. Màmá ní, "Ó ṣeun."

Nígbà tí a padà sí iṣẹ́ tiwa, kò sẹ́ni tó tún ní búlọ́ọ̀kù lásán ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ní irú iṣẹ́ yìí nílé, ẹ gbọ́ bí bàbá ṣe kọ́ wa. Ẹ kọ́kọ́ pe 811 ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí wọ́n wá fi àmì sí ibi tí wáyà àti ẹ̀rọ gáàsì gbà kọjá, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ méjì yọ búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ jẹ́jẹ́, lẹ́yìn èyí ìyókù á rọrùn. Ẹ kọ nọ́ńbà sí wọn. Ẹ gé gbòǹgbò tó kù kúrò, ẹ gbẹ́ amọ̀ náà wọlẹ̀ dáadáa. Ẹ tẹ́ aṣọ tó ń jẹ́ kí omi kọjá, tí kì í jẹ́ kí òkúta rì sínú amọ̀. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i ní ìpele ìpele, kí ẹ sì gún ìpele kan kí ẹ tó da òmíràn. Ní ilẹ̀ wa yìí, ìnṣì mẹ́jọ kò pọ̀ jù fún ibi tí ọkọ̀ ń gbà. Lẹ́yìn náà ni yanrìn, ìnṣì kan péré, kí ẹ fi igi gbọọrọ fà á tẹ́jú, kí ó sì rọra dagẹ̀rẹ̀ kúrò lára ilé. Ẹ wá to búlọ́ọ̀kù padà bí nọ́ńbà wọn ṣe rí, ẹ fi òòlù rọ́bà lù wọ́n wọlẹ̀, ẹ gbá yanrìn gbígbẹ sáàárín wọn, kí ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i.

Ti 23 tó fọ́ ńkọ́? A wá irú àwọ̀ wọn títí, wọn kò ṣe é mọ́. Tuntun tí a rà mọ́ lójú ju ti àtijọ́ lọ. Bàbá ní kí á yọ 23 nínú ti àtijọ́ láti ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ń gbé agolo ìdọ̀tí sí, kí á fi wọ́n dí ihò iwájú, kí á wá to tuntun sí ẹ̀gbẹ́ agolo. Oòrùn àti òjò yóò sọ àwọn náà di àgbà láìpẹ́. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn lẹ́tà la parí. Owó tí a ná kò tó ìdá mẹ́rin ohun tí kọngilá yẹn pè.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Àwa náà ti wẹ̀yìn báyìí. Ẹ̀yin òbí, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí ojú ọ̀nà Andrews àti Wilson. Ẹ rìn jẹ́jẹ́, ẹ má mú ohunkóhun bọ̀. Ẹ yà sí ilé ìkàwé Gregory School tó wà lágbègbè kan náà. Ilé ìwé tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1926 ni, ó ti di ilé ìkàwé ìtàn àwọn adúláwọ̀ láti ọdún 2009. Bí ẹ bá bá àgbà pàdé níta, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kí i bó ṣe yẹ.

A sì ń fi àsìkò yìí dábàá fún ẹgbẹ́ pé ní Juneteenth tó ń bọ̀, kí á má ṣe jókòó sílé din ẹran. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí Emancipation Park, ká gbé jọ́lọ́ọ̀fù àti mọ́ínmọ́ín dání, ká bá àwọn tó ni àjọ̀dún náà ṣe é. Màmá wa ti ní òun yóò máa retí wa. Ó sì ní kí á má pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ó dìgbà kan ná.